Bí mo ṣe yan orin ìkádìí fún recital píánò ní gbọ̀ngàn kan ní Surulere

Ohun tó wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Orin tó máa kádìí ètò nìkan ló kù láti yàn. A ti rí gbọ̀ngàn: ti ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Surulere, tó gba nǹkan bí 150 ènìyàn, tó sì ní baby grand (píánò ńlá tó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n tó kúrú) tirẹ̀. A ti mú ọjọ́: Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a lè parí kí àwọn olórin òde àríyá àdúgbò tó tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn. Èmi nìkan ni mo máa lu píánò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí akọrin, kò sí onífayolíìnì tó máa gba ẹrù díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àwọn orin tí mo ti fọwọ́ sí nìyí, pẹ̀lú àkókò tí mo fi fóònù wọ̀n nígbà tí mo lu ọ̀kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀:

Apá kìíní
Bach, French Suite No. 5 ní G major: ìṣẹ́jú 17
Debussy, Estampes (1903): ìṣẹ́jú 14
Beethoven, Sonata Op. 110 ní A-flat major: ìṣẹ́jú 20

Apá kejì
Ayọ̀ Bánkọ́lé, Nigerian Suite: ìṣẹ́jú 10
Coleridge-Taylor, "Deep River": ìṣẹ́jú 6
Brahms, Intermezzo Op. 118 No. 2 ní A major: ìṣẹ́jú 6
Orin ìkádìí: ?

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 73 láìka orin ìkádìí. Aago mẹ́fà ni a gbọ́dọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn padà. Tí mo bá yọ ìsinmi ìṣẹ́jú 15 àti àkókò tí àwọn èèyàn máa fi jókòó, orin ìkádìí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni Sonata Liszt ní B minor, tó ń gba bí ìdajì wákàtí, ti jáde, àti Schubert D. 960, tó ń gba bí ìṣẹ́jú 40. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè.

1. Píánò àti gbọ̀ngàn lákọ̀ọ́kọ́, ìwé orin lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo mọ̀ máa ń yan orin ìkádìí nínú ilé, lórí píánò tó ti mọ́ wọn lára, láàárọ̀ nígbà tí ara ṣì le. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa lù ú, lẹ́yìn wákàtí kan lórí àga, lórí píánò ẹlòmíràn. Nítorí náà, gbọ̀ngàn ni mo kọ́kọ́ lọ.

Mo dúró láàárín gbọ̀ngàn, mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, mo sì ka ìró rẹ̀ títí ó fi tán: nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2. Táìsì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ògiri kò ní aṣọ kankan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ohùn ìsàlẹ̀ máa pẹ́ kó tó kúrò ní etí, orin tó bá sì kó nóòtì ìsàlẹ̀ jọ púpọ̀ máa dàrú. Octave méjì ìsàlẹ̀ píánò náà (octave kan ni láti nóòtì kan dé ìkẹjọ rẹ̀) ń ró wùùwùù, àárín rẹ̀ dùn bí ohùn èèyàn, òkè rẹ̀ le díẹ̀. Pẹ́dàlì òsì, èyí tó yẹ kó sún gbogbo bọ́tìnnì sí ọ̀tún díẹ̀ kí ohùn lè rọ̀, kò sún mọ́. Jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn ògiri apá òsì gan-an.

Mo pe bàbá tó máa ń bá wa tọ́ ohùn píánò. Ó lu nóòtì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè, ó tẹ́tí sí i, ó ní:

"Tíṣà, píánò yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ipá gba ohùn lọ́wọ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ o. Àárín ni kẹ́ ẹ ti máa bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ṣé pẹ́dàlì òsì ṣeé tún ṣe?"

Ó ní, "Ẹ sọ orin tẹ́ ẹ fẹ́ lù fún mi ná. Tí orin yín ò bá nílò ẹ̀, kí lẹ fẹ́ náwó sí?"

Mo kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé mi nítorí ó tọ́.

Nígbà náà ni mo fi òfin kan lélẹ̀ tí mi ò yẹ̀ lórí ẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí: orin kankan kò ní wọlé bí orin ìkádìí àfi tí mo bá ti lu gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ tán, láìsinmi ju bí a ṣe máa sinmi lọ́jọ́ ètò, kí n tó lù ú. Fóònù á máa gba ohùn sílẹ̀ lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá.

2. Chopin, Polonaise Op. 53

Èyí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dá lábàá, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Ó ń gba ìṣẹ́jú 7, ó dùn, ó ga, àwọn tí kò gbọ́ píánò rí pàápàá máa ń dìde sí i. Nóòtì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́.

Nínú ilé, nígbà tí mo lù ú nìkan, kò ní àbùkù. Nínú gbọ̀ngàn, ní ìkẹyìn ètò, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni apá òsì mi. Láàárín orin náà, kíì (ohùn tí orin fi ṣe ilé) yí sí E major, ọwọ́ òsì á sì máa lu octave mẹ́rin-mẹ́rin tó ń sọ̀ kalẹ̀ léraléra fún àkókò gígùn. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó máa dàgbà. Lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí kan lórí píánò, iṣan apá mi ti le kí ó tó dàgbà dé ibi tó yẹ. Mo gbìyànjú láti dín ìyára kù, láti fi ọrùn ọwọ́ ṣe é dípò apá, láti sinmi apá nínú Brahms. Ó dára díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohùn tí fóònù gbà sílẹ̀ ṣì fi hàn pé octave wọ̀nyẹn ti para pọ̀ di ariwo kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn táìsì yìí.

Ìkejì ni kíì. A-flat major ni Polonaise. A-flat major náà ni Beethoven Op. 110 tó parí apá kìíní, ó sì parí pẹ̀lú ìdùnnú ńlá, ọwọ́ méjèèjì á gba gbogbo ara píánò kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè lórí kọ́ọ̀dù A-flat. Etí tó ti gbọ́ ìyẹn kí ó tó jáde lọ mu omi máa padà wá gbọ́ ilé kan náà ní òpin. Ọ̀gá organist ṣọ́ọ̀ṣì, tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, sọ pé, "Àbúrò, mo rò pé a ti dé ibí yìí tẹ́lẹ̀." Mo yọ ọ́.

3. Prokofiev, ìpín ìkẹyìn Sonata No. 7

Ìwọ̀n ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀. Àkókò ogun ni Prokofiev parí sonata yìí, ní 1942, olùlu píánò Sviatoslav Richter ló sì kọ́kọ́ lù ú fún gbogbo èèyàn, ní Moscow, ní oṣù kìíní 1943. Ìlù méje-méje ni ìpín náà ń lọ, 2 àti 3 àti 2, ọwọ́ òsì kò sì dákẹ́ lórí B-flat, C-sharp, B-flat. Ẹni tó bá ti gbọ́ konkolo rí kò ní fi ìka kà á kó tó yé e.

Mo yọ ọ́ kíákíá. Ìsàlẹ̀ píánò gan-an ni orin yìí ń gbé, ibi tí Bàbá ní kí n má fi ipá mú. Ìró ìṣẹ́jú-àáyá 2 gbé B-flat kan lé èkejì lórí títí tí mi ò fi gbọ́ ìlù mọ́. Lẹ́yìn Brahms pàápàá, ó dà bíi pé ẹnì kan já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tó bá ní gbọ̀ngàn tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí àti grand ńlá, kó gbé e wò.

4. Lecuona, La Comparsa

Mo fẹ́ kí orin yìí ṣiṣẹ́ ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ernesto Lecuona, ọmọ Cuba (1895–1963), ló kọ ọ́, ó sì wà nínú àkójọ kan náà pẹ̀lú Danza Lucumí; Lucumí ni orúkọ àwọn èèyàn wa ní Cuba. La Comparsa jẹ́ ìwọ́de: ìlù bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó sún mọ́ wa, ó kọjá níwájú wa, ó sì tún lọ títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo ronú pé ètò lè parí báyẹn, kí ìlù máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí fóònù gbà sílẹ̀, ìlà ìkẹyìn orin náà kò sí níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bẹ àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ akọrin kó wá jókòó sẹ́yìn, kó sì na ọwọ́ sókè níbi tó bá rò pé orin ti parí. Ó na ọwọ́ nígbà tí orin ṣì ní bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ má bínú o, mo rò pé ẹ ti ṣe tán." Kò sí ohun tó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ fún, etí rẹ̀ sọ òtítọ́ gbọ̀ngàn náà.

Tí a bá tilẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀, ìṣòro kan ṣì kù: Brahms tó ṣáájú rẹ̀ náà parí jẹ́jẹ́. Orin jẹ́jẹ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn ní òpin ètò, èkejì sì kúrú. Ó jáde.

5. Nigerian Suite, àti oríkèé tí mi ò wá

Ó yẹ kí n ti ronú sí èyí, nítorí ó ti wà nínú ètò. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976), tó kọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní London, pín suite yìí sí márùn-ún: Forest Rains, Ya Orule, October Winds, Orin fún Òṣùmàrè, àti Warriors' March. Ìpín ìkẹyìn jẹ́ ìrìn àwọn jagunjagun, ó sì ń parí bí ohun tó parí lóòótọ́. Mo gbé suite náà lọ sí òpin apá kejì, lẹ́yìn Brahms.

Ó ṣiṣẹ́. Apá mi gbà á, gbọ̀ngàn gbà á, àǹtí akọrin na ọwọ́ níbi tó yẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ "ó parí" sínú ìwé.

Ohun tó dá mi dúró ni àyẹ̀wò kan tí mo máa ń ṣe fún gbogbo ètò, tí mo ń pè ní àyẹ̀wò oríkèé. N kì í lu orin odindi. Mo máa ń lu ìlà mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú orin kan, kí n dúró bí a ṣe máa dúró, kí n sì lu ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí egungun méjì bá ń lọ ara wọn, oríkèé ló máa ń sọ. Mo ń dán oríkèé oríṣiríṣi wò láìtẹ̀ lé ètò, mo sì gbé òpin Debussy lé ìbẹ̀rẹ̀ Bánkọ́lé.

Ìpín kẹta Estampes ni "Jardins sous la pluie", ọgbà nínú òjò. Debussy fi orin ọmọdé Faransé méjì sínú òjò náà, ìka á sì máa sáré wẹ́wẹ́ láìdúró. Òjò náà dá, oòrùn yọ ní E major. Mo dúró díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ Forest Rains. Òjò mìíràn ni, òjò inú igbó tiwa. Òjò Faransé àti òjò wa dojú kọ ara wọn, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níbẹ̀ máa gbọ́ ìyàtọ̀ láìsí pé mo ṣàlàyé. Suite náà sì ń lọ títí dé Òṣùmàrè, tó máa ń yọ lẹ́yìn òjò, kó tó parí pẹ̀lú àwọn jagunjagun.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìyẹn, mi ò lè tú wọn ká mọ́. Warriors' March lágbára tó láti parí apá kìíní. Ṣùgbọ́n apá kìíní ti wá di ìṣẹ́jú 61, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó jókòó sójú kan tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

6. Op. 110 lọ sí òpin

Beethoven ló kúrò. Mo gbé e lọ sí apá kejì lẹ́yìn Brahms kí n lè rí àyè, láìrò pé òun ni mo ń wá. Òfin ipele 1 ni mo tẹ̀ lé: mo lu gbogbo ètò tán, mo sì wọnú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti rẹ̀.

Beethoven kọ déètì 25 oṣù kejìlá 1821 sórí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá ní ọdún yẹn. Nínú ìpín ìkẹyìn, orin arò kan wà ní A-flat minor, lẹ́yìn náà fugue kan (orin tí ohùn kan ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ohùn mìíràn ń gbà tẹ̀ lé e) tó dúró dáadáa. Lójijì fugue náà já, arò yẹn sì padà, ní G minor, ìdajì ohùn sísàlẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀ gé wẹ́wẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń mí gúlegúle. Beethoven kọ ọ́ sórí ìwé pé agbára ń tán lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ọ̀dù G major kan, tí a lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju èyí tó ṣáájú lọ. Fugue padà ní ìdojúdé (ibi tó ti ń gòkè tẹ́lẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀), jẹ́jẹ́, ó sì ń jí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé A-flat, tó sì fi gbogbo ara píánò yọ̀.

Mo ti lu sonata yìí fún ìgbà pípẹ́ ní àárín ètò, mo sì máa ń fi ọgbọ́n ṣe bíi pé ó rẹ̀ mí nínú arò kejì. Ní òpin ètò, mi ò ní láti ṣe bíi pé. Ohun tó ba Polonaise jẹ́ lọ́wọ́ mi ni orin yìí ń béèrè fún. Octave rẹ̀ kò sì gùn tó ti Chopin. Orí tó mọ́lẹ̀ ni fugue ń fẹ́, kì í ṣe apá líle.

Àyẹ̀wò oríkèé: Brahms parí ní A major, Beethoven bẹ̀rẹ̀ ní A-flat, ìdajì ohùn sísàlẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó tì ọ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Àsìkò: Apá kìíní 41, apá kejì 32. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 73, tó jẹ́ pé a kò fi orin kankan kún un mọ́.

7. Àtúnṣe tí ìpinnu yìí fà

Pẹ́dàlì òsì. Beethoven béèrè fún un nígbà tí fugue padà ní ìdojúdé, ó sì ní kí a tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo pe Bàbá padà, mo ní, "Bàbá, orin tí mo fẹ́ lù nílò ẹ̀." Ó fa gbogbo bọ́tìnnì àti òòlù inú píánò jáde lórí pákó wọn, ó gbá eruku abẹ́ rẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù tó lọ̀ pa ibi tí igi ti ń fi ara gbo igi, ó sì fún nọ́ọ̀tì abẹ́ pẹ́dàlì títí gbogbo rẹ̀ fi ń sún bíi mílímítà 3. Ó tọ́ ohùn gbogbo pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, owó tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Jẹnẹrétọ̀. Alábòójútó gbọ̀ngàn ní invẹ́tà wà tó lè gbé iná fún bí ìṣẹ́jú 45 tí a kò bá tan éásì. Apá kejì jẹ́ 32. A fẹnu kò pé kó pa jẹnẹrétọ̀ nígbà ìsinmi. Ooru á mú wa díẹ̀, mo sì ní kí wọ́n tan éásì dáadáa láti aago mẹ́ta kí tútù rẹ̀ lè ṣẹ́ kù.

Kọ́ọ̀dù mẹ́wàá. Nínú ilé, mo máa ń di pẹ́dàlì ọ̀tún mú láti àkọ́kọ́ dé ìkẹwàá. Nínú gbọ̀ngàn yìí, ìsàlẹ̀ bo òkè mọ́lẹ̀ kó tó pé márùn-ún. Mo gbìyànjú láti yí pẹ́dàlì lórí kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ó wá di bí ẹni ń kan ìṣó. Èyí tó ṣiṣẹ́: kí n gbé ẹsẹ̀ dé ìdajì lórí ìkẹta, ìkẹfà àti ìkẹjọ, kí ọwọ́ má kúrò lórí bọ́tìnnì, kí ọwọ́ òsì máa rọ̀ ju ọ̀tún lọ.

Ìyára fugue. 60 lórí metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìyára orin) ni mo ń lò nílé. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 54 nítorí ìró. Ìdojúdé bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

Àtẹ́wọ́. Ìpín kejì Beethoven parí lórí F major jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn lè rò pé ó tán. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò lórí píánò, mo wọnú Adagio tó bẹ̀rẹ̀ ìpín ìkẹyìn tààrà.

8. Ọjọ́ ètò

A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 20. Òjò méjèèjì ṣe iṣẹ́ wọn, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí Forest Rains bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i láti ojú píánò. Jẹnẹrétọ̀ kú ní ìsinmi bí a ṣe ṣàdéhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ìpín kìíní Beethoven, mo tẹrí ba, mo tẹ̀ síwájú. Nínú arò kejì, mo gbọ́ gbogbo ibi tí orin gé sí, pẹ̀lú pẹ́dàlì òsì tó ń sún bó ṣe yẹ. Fugue yára kọjá 54 nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mi ò sì dá a dúró. A-flat ìkẹyìn bá ìró ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn náà mu dáadáa: ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ nínú Prokofiev gbé òpin yìí sókè.

Fún àfikún, mo lu "Oloba" láti inú 24 Negro Melodies tí Coleridge-Taylor gbé jáde ní 1905. Ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó ló fún un ní orin Yorùbá náà. A dá kọ́kọ́rọ́ padà kí aago mẹ́fà tó lù.

Ìbàdàn ni ètò tó kàn, lórí píánò ìdúró. Pẹ́dàlì òsì tirẹ̀ kì í sún bọ́tìnnì sí ọ̀tún, ṣe ló máa ń gbé òòlù sún mọ́ okùn, ohùn á kéré ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Ìdojúdé fugue kò ní rí ohun tó nílò níbẹ̀. Mo ti gbé Warriors' March padà sí òpin, mo sì ń tún gbogbo oríkèé dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀.